Bí Mo Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pàdánù Ará Ajẹntínà Mi

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kò mọ̀ mí rí. Ọmọ Ajẹntínà ni. Básíkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbá mọ́lẹ̀ tí wọ́n á wá jù ú sínú àwọ̀n lókè yẹn. Èmi, ọmọ Yorùbá ni mí, Jídà ní Sáúdì ni mò ń gbé pẹ̀lú bàbá mi àti màmá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama nígbà náà. Kí ló pa wá pọ̀? Kò sí! Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ló wà lọ́dún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tíírì, màá ti dá yín lóhùn kí ẹ tó panu dé. Ẹ bi mí pé orúnkún ẹ̀ wo ló máa ń dùn ún. Tòsì ni!

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Filipíìnì ló kó mi sínú ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àlejò la jọ lọ ní Jídà. Àwa obìnrin ní àgbàlá tiwa, ògiri gíga yí i ká, irin básíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọ̀n ara ẹ̀ sì ti já dànù tipẹ́. Àwọn ọmọ Filipíìnì kì í fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣeré rárá, ilé wọn ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó yọ fóònù lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Wo èyí tó kúrú jù nínú wọn." Mo wò ó. Ó ń sáré bọ̀, ó ń wo ọ̀tún, gbogbo ènìyàn ń wo ọ̀tún, bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀yìn ẹ̀ yọ sí òsì, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí èmi ò tiẹ̀ rí pé ó wà níbẹ̀. Mo pariwo. Tíṣà lé àwa méjèèjì síta. A dúró síta, a tún un wò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo wá ìtàn ẹ̀ kiri. Ìlú kékeré kan ló ti wá, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé màlúù pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún ó lọ sí Ítálì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá bàbá ẹ̀, ìwé ò sì le fún un. Odidi ọdún kan ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó kọjá sí Sípéènì, ibẹ̀ ló ti wá tàn, ibẹ̀ náà ni orúnkún ẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n là á. Àwọn ènìyàn ní ó ti parí. Ó bá tún yọ ní Mẹ́síkò! Lẹ́yìn Mẹ́síkò, Lẹ́bánónì. Mo ní ìwé kan tí mo lẹ máàpù ayé mọ́, mo fi báírò pupa fa ìlà láti ibì kan dé ibì kejì bó ṣe ń lọ. Bàbá mi rí ìwé yẹn, ó ní, "Kọ́ńtíráàtì ọdún kan, kọ́ńtíráàtì ọdún méjì, kó ẹrù, tú ẹrù. Ẹnjiníà bíi tèmi ni ọkùnrin yìí." Dádì ti ṣe Líbíà, ó ti ṣe Kuwéètì, kó tó di Jídà. Inú mi dùn pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ka ará Ajẹntínà yẹn mọ́ ẹbí.

Ẹ wá gbọ́ o. Mo parí girama tán, mo wà nílé, ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù, kò lè mí dáadáa. Ó ní, "Ó ti tọwọ́ bọ̀wé. Ó ń bọ̀." Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Jídà!" Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì mo ń fò. Màmá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tó ń sùn, sáré yọ.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mọ́mì! Ó ń bọ̀ sí Jídà!"

"Ta ni?"

"Ará Ajẹntínà!"

Mọ́mì wò mí, ó fọwọ́ nu ojú. "Ṣé ilé wa ló máa dé sí ni? Bí kì í bá ṣe ilé wa, jẹ́ n sùn."

Ó dé lóòótọ́. Oṣù bíi mélòó kan ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí takisí kò ní rìn tó ìṣẹ́jú ogún sí ilé wa, mi ò sì lè débẹ̀, torí wọn ò tíì máa jẹ́ kí obìnrin wọ ibi ìdíje. Tí a bá lọ ra nǹkan ní Bàládì, àdúgbò àtijọ́ ní àárín Jídà, màá máa wo inú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn bóyá ó lè máa bọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Kò bọ̀ rí. Àfi bí ọdún bọ́ọ̀lù ṣe fẹ́ parí, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní obìnrin lè wọlé, kó ṣáà wá pẹ̀lú ẹbí ẹ̀, kó jókòó ní abala ìdílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ará Ajẹntínà kọ ọ́ sórí ìkànnì ẹ̀ pé orúnkún ti sú òun, pé Jídà ni òun máa dúró sí, pé ìdíje tó kàn nílé ni òun fi ń sọ pé ó dìgbóṣe. Ọjọ́ Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo ayé yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló kù fún mi láti fojú mi rí i.

Mo bẹ Dádì. Mo fọ mọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Mo fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá bàbá mi ń bọ̀ láti Nàìjíríà wá ṣe Ùmúrà. Túsìdeè ló yẹ kó dé, kí a gbé e lọ sí Mẹ́kà ní Wẹ́sìdeè, kí ohun gbogbo ti parí. Bàálù sún un sí Wẹ́sìdeè. Ó sún un sí Tọ́sìdeè. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ni Màmá àgbà tó yọ ní pápákọ̀ òfurufú Jídà, pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ti gbé ìhúràmù wọ̀ láti inú bàálù. Ẹni tó bá ti gbé ìhúràmù wọ̀ kò lè sọ pé òun fẹ́ sinmi di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ní nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ ṣe títí tó máa fi ṣe Ùmúrà ẹ̀ parí.

"Ọ̀la ni Mẹ́kà," Dádì wí.

"Ọ̀la ni bọ́ọ̀lù, Dádì!"

"Ta ló kọ́kọ́ pè wá, Ọlọ́run ni àbí ará Ajẹntínà?"

Màmá àgbà ní, "Ará ibo?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ títí, ó wá sọ fún Dádì pé, "A máa tètè jí. Mo lè rìn kíákíá. Ọkọ mi yìí máa bá mi lọ, a sì máa bá a lọ síbi tiẹ̀." Èmi ló ń pè ní ọkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí láti kékeré.

Màmá àgbà ò lè rìn kíákíá o! Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwa mẹ́ta la lọ. A dé Mẹ́kà ní kùtùkùtù, ó rí Káábà, ó dúró, ẹkún bọ́. Èmi náà sunkún, ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù nìkan ló wà lórí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i ká tán, tí a bọ́ sí àárín Sáfà àti Máríwà, òkè kékeré méjì tí wọ́n máa ń rìn láàárín wọn lẹ́ẹ̀méje, tí ó ń rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó ń jókòó, tó ń kí gbogbo obìnrin tó jókòó tì í ní Yorùbá, tí wọ́n ń dá a lóhùn ní èdè ibi tí wọ́n ti wá, ọwọ́ aago bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú mi. Mò ń sọ pé, "Màmá, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin. Màmá, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta." Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ń bá mi rìn ni, àbí ìwọ lo ń lé mi?"

Nígbà tí a parí ní Máríwà, ó ku kí a gé díẹ̀ nínú irun ẹ̀. Ohun tó ń parí ẹ̀ nìyẹn. Tí wọn ò bá gé e, kò tíì jáde nínú ìhúràmù. Obìnrin Indonéṣíà kan yá wa ní àlùmọ́gàjí kékeré. Màmá ò lè ṣí orí láàárín èrò, torí náà mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ híjáàbù ẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo kó ṣóńṣó irun ẹ̀ jọ sọ́wọ́ kan, mo rẹ́ ẹ. Kíá! Mo wé ohun tí mo gé sínú tíṣù, mo sọ ọ́ sínú báàgì. Dádì ní, "Àlàájà! Ọlọ́run á gbà á." Màmá rẹ́rìn-ín títí gbogbo ojú ẹ̀ fi di kékeré.

Mo rò pé a ti ń lọlé. Ó ní rárá, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan láti ìgbà ọmọge wà ní Nàkásà, àdúgbò kan ní Mẹ́kà níbẹ̀, lórí òkè, kò sì lè dé Mẹ́kà kó má rí i. Ẹ wo àtẹ̀gùn! Ilé lórí ilé, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, àwọn ọmọdé ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ọ̀rẹ́ yẹn di mọ́ Màmá, wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Ó se ìrẹsì. A jẹ ẹ́. Wọ́n sọ ti ẹni tó kú, wọ́n sọ ti ẹni tó bímọ. A kírun Ásárì níbẹ̀. Aago mẹ́rin ti ń lù nígbà tí a wọ mọ́tò, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó ṣì ṣeé ṣe, ó ṣì ṣeé ṣe, Dádì mọ ọkọ̀ wà.

A ti ń sún mọ́ Báhírà, ìlú àárín ọ̀nà yẹn tí ó kún fún ilé ìkẹ́rùsí àti mẹkáníìkì, nígbà tí mo ṣí báàgì kí n tún wo tíkẹ́ẹ̀tì mi. Tíṣù yẹn bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi, ó tú. Mo wo inú ẹ̀. Nǹkan dúdú kéékèèké ni. Mo mú ọ̀kan, mo fi ìka tú u. Òwú. Mo mú òmíràn. Òwú. Irun òwú ni Màmá kó wá láti ilé, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n máa ń fi òwú dúdú wé láti ìdí lọ, tí wọ́n á tún wé òwú kọjá ibi tí irun parí sí kó má bàa tú. Ibi tó kọjá yẹn ni mo gé. Kò sí irun ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀!

Màmá ti sùn tì mí, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀. Dádì ń wakọ̀, ó ń kun orin lábẹ́ ẹnu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Tí mo bá sọ ọ́, Dádì máa yí mọ́tò padà sí Mẹ́kà, bọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn. Tí mi ò bá sọ ọ́, Màmá máa lọlé, á rò pé òun ti jáde, nígbà tí kò tíì jáde, èmi á sì máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní Àlàájà, á máa ṣe mí bákan nínú. Mo ka òpó iná mẹ́fà lójú ọ̀nà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

"Ṣé o fẹ́ tọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Mi ò gé irun Màmá."

"Irun wo? Ṣebí ojú mi níbẹ̀ lo ṣe..."

"Òwú ni mo gé, sà."

Dádì ya sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó yíjú padà, ó gba tíṣù yẹn, ó wò ó. "Bọ́ọ̀lù! Bọ́ọ̀lù ló ń yí nínú orí ẹ, kì í ṣe ọpọlọ! A ń padà sí Mẹ́kà báyìí báyìí."

Màmá jí. "Kí ló ń ṣe yín?"

"Òwú ni ọmọ yín gé, Màámi. Kò gé irun yín."

"Òwú?" Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ híjáàbù, ó wá orí ẹ̀ kiri. "Òwú orí mi?" Mo ti ń sunkún. Ẹ̀rín ló bẹ́ lẹ́nu ẹ̀! "Mo wọ bàálù, mo yípo, mo rìn títí ẹsẹ̀ mi wú, ọmọ bá bá mi rẹ́ òwú!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Tẹ àfáà láago kí o tó yí mọ́tò, jàre."

Dádì pe àfáà ará Ìlọrin kan tó ń gbé Mẹ́kà, ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn ẹ̀. Àfáà ní kò sídìí láti padà, ibi tí a bá wà ni kí a ti gé e, ó ti parí nìyẹn. Ó wá ní, "Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó máa wo ohun tó bá ń gé."

Mo fò nínú mọ́tò! Orí mi lu òkè.

A ò sì ní àlùmọ́gàjí. A yà sí Báhírà, a rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àga mọ́tò. Bàbá Pakistánì kan tó ti hewú ló wà níbẹ̀. Dádì fi Lárúbáwá ṣàlàyé fún un. Bàbá yẹn ò bi wá ní nǹkan kan. Ó gbé àlùmọ́gàjí ńlá wá, irú èyí tí wọ́n fi ń gé awọ, ó sì gbé aṣọ àga mẹ́ta wá, ó ta wọ́n bo fèrèsé mọ́tò wa kí ẹnikẹ́ni má bàa rí orí Màmá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú. Ẹni tó kó irun yìí kò fẹ́ kó tú láéláé. Mo fi èékánná fà á, mo fi eyín fà á.

"Ta ló kó o yìí, Màmá?"

"Mo sọ fún un pé kó le. Mo ní kó bá mi dé Mẹ́kà, kó tún bá mi délé."

"Ṣé ẹyọ kan kò ní tó?"

"Ẹyọ kan? Mo ti ibẹ̀ yẹn wá, kí n wá fi irun ṣahun? Gbogbo ẹ̀ ni."

Mẹ́rìnlá ni! Mo tú ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, mo rí irun, irun funfun, irun gidi, mo fi àlùmọ́gàjí awọ yẹn gé e, mo gbé e sọ́wọ́ Màmá kó rí i. Mo wo aago, márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ lè bínú, torí gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹyọ kan sí Màmá lọ́wọ́ ló ń sọ pé, "Èyí ni irun," bíi pé ó ń kọ́ mi ní nǹkan.

Dádì wakọ̀ bí mi ò ṣe rí i kó wakọ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà, a ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì, àwa mẹ́ta. Ó yẹ kí n mọ̀. Dádì wò mí, ó wo Màmá. Ó kó tíkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni ìdílé. Màá dúró síbí," ó sì jókòó ti ẹni tó ń ta tíì. Dádì mi! Mo di mọ́ ọn lójú gbogbo ayé.

A wọlé. Ariwo! Iná! Ilẹ̀ ń dán bíi omi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí gbogbo ẹ̀ parí, wọ́n ń fi àmì mẹ́rin na àwọn tiwa. Mo wá a láàárín pápá, kò sí. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì, tówẹ́ẹ̀lì lórí, áìsì lórí orúnkún òsì. Obìnrin ará Jídà tó jókòó nítòsí mi ní ó ti tó wákàtí kan tó ti jáde. Mo jókòó.

"Èwo ni ọkọ ẹ nínú wọn?" Màmá bi mí.

"Màmá, kì í ṣe ọkọ mi!"

"Èwo ni?"

Kí n tó nawọ́ sí i, ó ti ṣí áìsì yẹn kúrò. Ó sọ tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ó dìde! Gbogbo ilé yẹn dìde tẹ̀lé e, mo gun orí àga. "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn, Màmá!"

"Èyí tó kúrú yìí? Àwọn òpó iná tó kún ibẹ̀ yẹn, èyí lo mú?"

Ó ń tiro díẹ̀. Kò sáré púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó gba bọ́ọ̀lù, ó wo ọ̀tún, mo sì mọ̀, mo mọ̀ kí ó tó ṣe é! Mo kígbe pé, "Òsì!" Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn ẹ̀ yọ sí òsì, ẹnì kan gbé e sínú àwọ̀n. Àmì méjì. Màmá di ọwọ́ mi mú. "Báwo ló ṣe rí i? Ṣé ó lójú lẹ́yìn ni?" Àwọn kejì ju tiwọn, kò wọlé. Wọ́n tún ju òmíràn, kò wọlé. Màmá ti dìde, ó ń bú réfírì ní Yorùbá ìlú wa, àwọn obìnrin tó wà nítòsí ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́jọ. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ló máa jù ú, pé èyí ló máa jù gbẹ̀yìn láyé ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta bò ó. Ó fò, ó na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ jù ú, afẹ́fẹ́ ni ó ṣì wà tó fi jù ú fún ọ̀dọ́mọkùnrin Sáúdì kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, níbi tó jẹ́ pé àmì mẹ́ta ni. Ó tiẹ̀ ya ọmọ yẹn lẹ́nu. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù wà lókè, ó wà lókè, ó wà lókè...

Ó wọlé!

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní mo gbé Màmá sókè. Wọ́n gbé ará Ajẹntínà sókè náà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ nítorí orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pápá ká, ó ń juwọ́, ó dé iwájú abala ìdílé, mi ò lè sọ bí mo ṣe sún mọ́ ọn tó. Mo fẹ́ kí i. Èdè Lárúbáwá wà lẹ́nu mi, Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu mi, méjèèjì sá lọ. "Ẹ ṣé o!" ni mo kígbe. "Ẹ ṣé o! Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú ìrìn àjò!" Màmá ń gbè mí lẹ́sẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ máa tọ́jú orúnkún yẹn!"

Ó dúró. Ó wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba.

Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Ṣé o rí i? Ó gbọ́ Yorùbá."